Joe Louis Ni Kí Ẹ Fi Sípò Kìíní: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Jiyàn Ẹ̀ṣẹ́ ní Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Èmùré

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń pé jọ sídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, tí ẹ ń ka ọ̀fẹ́, tí ẹ sì ń jiyàn bí ẹni tó sanwó,

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ni mo bá wá, kì í ṣe ti òṣèlú, nítorí náà kí ẹni tó ti ń bojú wẹ̀yìn fọkàn balẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí iyàn yìí bá bẹ́ sílẹ̀, ibì kan náà ló ń parí sí. Ẹnì kan á béèrè pé nínú gbogbo àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ti gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ìpele àwọn tó wúwo jùlọ, ta ni ọ̀gá wọn? Àwọn àgbà á ní Muhammad Ali. Àwọn ọ̀dọ́ á kọ́kọ́ dárúkọ Mike Tyson, wọ́n á tún fẹ́ ti Anthony Joshua wọlé nítorí pé Ṣágámù ni ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá ti jágbe mọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, àwọn náà á gba ti Ali. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Joe Louis, ńṣe ni wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ da ìjókòó rú.

Èmi ni ẹni náà. Joe Louis ni mo fi sípò kìíní. Ali ni mo fi tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi tán kí ẹ tó dìde.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1998, ìwé ìròyìn The Ring, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní bíbélì ẹ̀ṣẹ́, to orúkọ àwọn ọ̀gá ìpele yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó sì fi Ali ṣáájú, ó fi Louis tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin wà. Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ìtàn ẹ̀ṣẹ́ ní àgbáyé, International Boxing Research Organization, to tiwọn, Louis ni wọ́n fi ṣe kìíní. Ibẹ̀ ni èmi wà. The Ring yẹn kan náà tún jókòó ní 2003 láti ka àwọn ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀ṣẹ́ wọn le jùlọ láyé, nínú gbogbo ìpele, Louis ló sì wà lókè pátápátá. Ẹ rí i pé àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́ jẹ kò tíì fẹnu kò. Ní Ìkéré nìkan ni ẹjọ́ ti parí.

Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ó parí níbẹ̀. Ali wá bá wa. Ní 1964, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Sonny Liston, ó wá sí Gánà, ó wá sí Nàìjíríà, ó sì kọjá lọ sí Íjíbítì. Kò sí ọ̀gá àgbáyé ní ìpele rẹ̀ tó tíì ṣe irú rẹ̀ fún wa ṣáájú ìgbà náà. Orúkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tún jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè ní mọ́ṣáláṣí tiwa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ló bá George Foreman jà ní Kinshasa, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1974. Nǹkan bí aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni wọ́n wọ ojú ìjà kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè wò ó ní alẹ́ tiwọn, aago Kinshasa àti ti Èkìtì sì dọ́gba. Ẹni tó bá ti dàgbà ní ìgbà náà kò nílò kí n sọ bí òwúrọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí fún un. Foreman ti nà Joe Frazier ní abala méjì, ó ti nà Ken Norton ní abala méjì, ọmọ ọdún 25 ni. Ali jẹ́ ọmọ ọdún 32. Ó fẹ̀yìn ti okùn, ó jẹ́ kí ọmọkùnrin náà máa lu òun títí agara fi dá a, ó sì gbé e ṣubú ní abala kẹjọ. Mo gbà pé Louis kò ní òru kan tó ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan péré ló ní tó tó o, màá dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fetí sí ara yín dáadáa níbi ìjókòó náà, ẹ ó rí i pé ìdajì ohun tí ẹ fi ń gbè Ali kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ rárá. Ẹnu ni. Ohun tó sọ fún Liston, ohun tó sọ fún oníròyìn, bó ṣe máa ń sọ abala tí yóò ti na ẹni kí ìjà tó dé. Mo fẹ́ràn ẹnu náà. Àmọ́ ní ilẹ̀ yìí, a mọ̀ pé ẹlòmíràn ló ń kini. Ali nìkan ni mo mọ̀ tó ki ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ tí gbogbo ayé sì gbà á ní oríkì.

Ẹ wo Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tí í ṣe tiwa. Ẹfọ̀n-Alààyè ni wọ́n ti bí i, Ìsẹ̀ ló dàgbà sí, òun ló sì gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn tó sọ ààfin Ògògà Ìkéré di ohun àwòyanu. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, àwọn òyìnbó rí i, wọn kò jẹ́ kó padà wálé mọ́. British Museum ló wà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà wà ní Chicago, ní Art Institute. Bí ẹ bá fi Ọlọ́wẹ̀ wé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn tí òkìkí wọn kàn bíi tirẹ̀, bí Àrèògún ti Ọ̀sì tàbí Bámgbóyè ti Odò-Ọwá, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí Ọlọ́wẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kì í, oríkì yẹn sì wà lákọsílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ igi, igi ló sì wà nílẹ̀ tí a fi ń ṣèdájọ́. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á fi wọn Ali àti Louis. Chicago tí òpó Ìkéré wà lónìí náà ni Joe Louis ti gba bẹ́líìtì, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1937, nígbà tó gbé James Braddock ṣubú ní abala kẹjọ. Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí iṣẹ́ náà wò.

Ọdún 11 àti oṣù 8 ni Louis fi wà lórí oyè, láti 1937 títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1949, nígbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé bẹ́líìtì sílẹ̀. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ìgbà 25 ni ẹlòmíràn wá du bẹ́líìtì náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà 25 ni wọ́n padà lọ́wọ́ òfo. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni ní ìpele náà tó dé ibẹ̀. Nínú 25 yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni alátakò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí agogo ìkẹyìn fi dún: Tommy Farr láti Wales, Arturo Godoy láti Chile, àti Jersey Joe Walcott. Godoy àti Walcott tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, Louis sì nà wọ́n bolẹ̀. Ẹnì kan yòókù, Buddy Baer, ni rẹfirí lé kúrò lójú ìjà nítorí pé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò fẹ́ jáde kí ìjà máa lọ. Àwọn 21 tó kù, ẹ̀ṣẹ́ ló parí ọ̀rọ̀ wọn.

Ali gba bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí ni ẹ máa ń nà mọ́ ẹni lójú: ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta! Ẹ dákun, ẹni tó dé adé lẹ́ẹ̀mẹta, ṣebí adé ti bọ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ìgbà àkọ́kọ́, mo gbà, àwọn aláṣẹ ló já a gbà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì, Leon Spinks ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejì 1978, ọmọkùnrin tí ìjà náà jẹ́ ẹ̀kẹjọ péré tó máa jà fún owó láyé rẹ̀. Ali gbà á padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ní New Orleans. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sọ nǹkan rẹ̀ nù kò ní í wá a kiri. Bí ẹ bá ka gbogbo ìgbà tí Ali gbèjà bẹ́líìtì tí ó sì borí, 19 ni, nínú ìjọba méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Jimmy Young ní 1976, ọ̀kan ni ìkẹta rẹ̀ pẹ̀lú Norton ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó wo ìjà méjèèjì sì gbà títí di òní pé àwọn adájọ́ ṣojúsàájú. Louis náà ní ọ̀kan tó jọ bẹ́ẹ̀: Walcott gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Kejìlá 1947, àwọn adájọ́ kò fẹnu kò, wọ́n sì fún Louis. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Louis fi ẹ̀ṣẹ́ dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ní abala kọkànlá.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà tó mọ ẹ̀ṣẹ́: àwọn ta ni Louis nà? Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun ló sì le jù nínú ohun tí ẹ lè fi kọlù mí. Láti oṣù Kejìlá 1940 dé oṣù Kẹfà 1941, Louis jà lóṣooṣù, ìjà méje ní oṣù méje, àwọn oníròyìn ìgbà náà sì ń fi àwọn alátakò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ oṣù yìí ló kàn. Òtítọ́ ni pé kò sí Frazier nínú wọn, kò sí Foreman. Ẹni tí Ali bá pàdé ní ìgbà tirẹ̀ le ju ti ẹnikẹ́ni lọ: Liston, Frazier lẹ́ẹ̀mẹta, Norton lẹ́ẹ̀mẹta, Foreman. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ àwọn tí a nà nìkan ni à ń kà, mo ti jẹ̀bi, ẹ máa lọ sílé.

Ṣùgbọ́n Louis nà ọkùnrin mẹ́fà tó ti jẹ ọ̀gá àgbáyé tàbí tó padà wá jẹ ẹ́: Primo Carnera, Max Baer, Jack Sharkey, Braddock, Max Schmeling àti Walcott. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, kó tó gba bẹ́líìtì rárá ló ti gbé wọn kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá lé gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ tán, tí ó wá ku àwọn kéékèèké fún un láti bá jà, kí ni kó ṣe? Kí ó fara pamọ́ títí tí ẹni gidi yóò fi dàgbà? Louis kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀gá ọjọ́ òní ń jà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n á fi ọdún méjì dúnàádúrà lórí ìjà kan, a sì ń pè wọ́n ní akọni. Oṣù méje, ìjà méje, bẹ́líìtì lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà.

Mo ṣèlérí pé màá dé òru kan. Ní 1936, kí Louis tó jẹ ọ̀gá, Schmeling láti Jámánì gbé e ṣubú ní abala kejìlá. Ìjọba Hitler sọ ìjà náà di ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ funfun ga ju dúdú lọ. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Louis ti na Carnera ará Ítálì ní oṣù Kẹfà, Mussolini sì wọ Etiópíà ní oṣù Kẹwàá, nítorí náà àwọn aláwọ̀ dúdú kárí ayé ti ń fi ojú mìíràn wo ọwọ́ ọmọkùnrin yìí. Nígbà tó gba bẹ́líìtì ní 1937, ó ní kí wọ́n má pe òun ní ọ̀gá títí òun yóò fi tún rí Schmeling. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1938, ní Yankee Stadium ní New York, níwájú èrò bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin, wọ́n tún rí ara wọn. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Schmeling ké lóhùn rara nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń ra epa lọ́wọ́ kò rí ìjà yẹn.

Kinshasa jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n. New York 1938 jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí wọ́n gbé ẹrù gbogbo ayé lé lórí tí kò sì mì. N kò ní í bá yín jà bí ẹ bá yan Kinshasa. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìkejì wà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tún kù síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Jack Johnson pàdánù bẹ́líìtì ní 1915, ọdún 22 ni wọn kò fi jẹ́ kí ọkùnrin dúdú kankan sún mọ́ ọn mọ́. Johnson máa ń rẹ́rìn-ín lórí àwọn tó bá nà, ó máa ń fẹ́ obìnrin wọn, wọn kò sì dárí jì í. Àwọn tó ń tọ́jú Louis, dúdú bíi tirẹ̀, fún un ní òfin: kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín lórí òyìnbó tó bá ṣubú, kò gbọdọ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú obìnrin òyìnbó, kò gbọdọ̀ fọ́nnu. Ó pa wọ́n mọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni Ali gbà wọlé ní 1964 tó ń pariwo. Nígbà tí Ali wá ń fi Louis ṣẹ̀sín pé ó tẹríba jù fún òyìnbó, tí Louis náà sì ń sọ fún The Ring ní 1967 bí òun ì bá ṣe na ọmọ yìí, n kò gbè ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọmọ tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí kì í sábà béèrè ẹni tó ṣí i.

Ohun kan wà tó jọ ara wọn nínú ìgbésí ayé àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. Ogun ló jẹ ọdún tó dára jù nínú ayé wọn. Louis wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ó jà lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún náà tó fi gbogbo owó rẹ̀ ta àwọn ológun lọ́rẹ, ìkíní fún ẹgbẹ́ ìrànwọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi, ìkejì fún ti orí ilẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi yẹn, ìdáná àti ìgbóúnjẹ-fún-ọ̀gá ni wọ́n máa ń fi dúdú sí nígbà náà. Láti oṣù Kẹta 1942 títí di oṣù Kẹfà 1946, kò gbèjà bẹ́líìtì kankan. Ọdún mẹ́rin, láti ìgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 27 dé 32. Ali kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun ní Houston ní oṣù Kẹrin 1967 nítorí pé kò gbà pé ogun Vietnam jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n gba bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi, kò sì rí ojú ìjà mọ́ títí di oṣù Kẹwàá 1970. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà wá dá a láre ní 1971, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó fi ń fò bí ẹyẹ kò padà.

Ọ̀kan gbà, ọ̀kan kọ̀, ìyà ló sì jẹ àwọn méjèèjì. Ti Louis tún burú: lẹ́yìn ogun, àwọn agbowó-orí dé bá a, gbèsè náà sì ń wú títí tó fi ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Owó tó fi ta àwọn ológun lọ́rẹ kò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbèsè ló gbé e padà sójú ìjà ní 1950 tí Ezzard Charles fi nà án, òun náà ló sì gbé e dé iwájú Rocky Marciano ní 1951. Nígbà tó ṣe, ó ń jà ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n láti rówó jẹun, ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n gbà á sí ilé ìta-tẹ́tẹ́ kan ní Las Vegas pé kó máa kí àlejò. Ó kú ní oṣù Kẹrin 1981. Schmeling ará Jámánì, ẹni tó nà ní ìṣẹ́jú méjì, wà lára àwọn tó sanwó ìsìnkú rẹ̀. Ali náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró: Larry Holmes fi ìyà jẹ ẹ́ ní 1980, Trevor Berbick nà án ní 1981, àrùn tó gbọ̀n ọ́n títí tó fi kú ní oṣù Kẹfà 2016 sì dà bí owó tó san lórí àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn. N kò fi ìjà ọjọ́ ogbó ṣèdájọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ó ku ìbéèrè tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù: tí wọ́n bá pàdé ńkọ́, olúkúlùkù ní ìgbà tó dára jù? Màá sọ òtítọ́. Mo rò pé Ali ni yóò borí. Ẹ wo ìjà Louis àti Billy Conn ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 1941. Conn wá láti ìpele ìsàlẹ̀, kò wúwo tó Louis, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó ń gún un bọ̀, ó ń yẹra, ó sì ń ṣáájú nínú ìwé àwọn adájọ́ títí dé abala kejìlá. Ní ìkẹtàlá, ìgbéraga gbé e, ó dúró kó bá Louis pàṣípààrọ̀ ẹ̀ṣẹ́, Louis sì fi í sùn nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì kí abala náà parí. Ali ga ju Conn lọ, ó wúwo jù ú lọ, ó yára tó o, kò sì ní í dúró. Louis kì í mọ ohun tí yóò ṣe sí ẹni tí kò dúró.

Ẹ má yọ̀ jù. Ìjà tí kò wáyé ni ìyẹn, àwọn tó ti gbìyànjú láti fi irú rẹ̀ to orúkọ ti di ẹlẹ́yà. Ní 1967, ọkùnrin kan ní Miami, Murray Woroner, kó àwọn ọ̀gá ìpele yìí sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹ̀rọ sọ ẹni tí yóò na ẹni, wọ́n sì ń ka àbájáde rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ̀rọ náà ní Jim Jeffries, tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú kí wọ́n tó bí bàbá Ali, ló na Ali. Ali gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ náà ni pé Ali àti Marciano wọ ojú ìjà ní 1969, wọ́n ń lu ara wọn díẹ̀díẹ̀ níwájú kámẹ́rà bí òṣèré, wọ́n ya oríṣiríṣi ìparí. Marciano kú nínú ọkọ̀ òfurufú kí fíìmù náà tó jáde. Nígbà tó jáde ní oṣù Kìíní 1970, Marciano ló borí nínú èyí tí wọ́n fi han Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ibi tí Ali ti borí han àwọn kan ní Yúróòpù. Kí ẹnikẹ́ni má tún fi kọ̀ǹpútà jẹ́rìí fún mi.

Ipò láàrin àwọn ọ̀gá, ohun tí ènìyàn ṣe pẹ̀lú oyè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọn tiwa náà. Samuel Peter gba bẹ́líìtì WBC ní oṣù Kẹta 2008, kò pé ọdún tó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ Vitali Klitschko, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbèjà rẹ̀. Anthony Joshua na Wladimir Klitschko níwájú èrò ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ní Wembley ní 2017, inú gbogbo wa dùn, ṣùgbọ́n Andy Ruiz gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2019, Joshua gbà á padà, Oleksandr Usyk tún gbà á ní 2021, kò sì rí i gbà padà ní 2022. Ẹni tó ń fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ali ń fi ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí a lè gbé sórí tábìlì láìtijú, ẹ sọ̀kalẹ̀ kúrò ní ìpele àwọn tó wúwo, ẹ dárúkọ Dick Tiger, tó gbèjà bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́wọ́ Gene Fullmer ní Liberty Stadium, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1963, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà bẹ́líìtì àgbáyé àkọ́kọ́ ti wáyé nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Áfíríkà. Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ Tiger níbi ìjókòó náà lọ́dún yìí?

Kí n fi ẹ̀rín díẹ̀ kún un. Ní 1980, Ààrẹ Carter rán Ali wá sí Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú àwọn tó dé, pé kó bá wọn bẹ̀ wá kí a má lọ sí eré Òlíḿpíìkì ní Moscow. Ẹnu tí ẹ̀yin ń fi bẹ́líìtì fún yìí ló gbé wá. A gbọ́ ọ, a ṣe é lálejò, a sì lọ sí Moscow.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá tún pé jọ, ẹ jẹ́ kí orúkọ Joe Louis jókòó síbẹ̀ bí àgbà, kí ẹ má lé e dìde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí dátà wà lórí fóònù yín, ẹ wá fíìmù Louis àti Schmeling ti 1938 jáde, kò ní í jẹ dátà púpọ̀. Ẹ wo ti Conn tẹ̀lé e, kí ẹ tó wo Kinshasa. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fún wọn láyè kí wọ́n wò ó tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí ìdájọ́ mi padà, kí ó mú orúkọ wá, kí ó mú ọdún wá, kí ó sọ iye ìgbà tí ẹni tirẹ̀ gbèjà bẹ́líìtì. “Ali sọ pé” kì í ṣe ẹ̀rí. Títí ìgbà náà, Louis ni kìíní, Ali ni kejì.

Èmi ni tiyín, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ka ọ̀fẹ́.